Ibi tí Àgbàrá Ń Gbà Lọ sí Ọ̀sà

Bí òjò bá ṣú ní Ọbaníkòró, àwọn tó ń tajà nídìí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kì í wòkè lọ títí. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ìyá tó ń ta bàtà òkìrìkà á gbé àpò rẹ̀ lé orí búlọ́ọ̀kù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta ṣájà fóònù á ká ẹsẹ̀ tapólì rẹ̀ sókè, ẹni tó ń ta gálà á gbé páálí rẹ̀ rù, á sì máa pe oníbàárà lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ń bọ̀. Òjò tó ń ti òkè bọ̀ kò bà wọ́n lẹ́rù, agbòjò wà. Èyí tó ń ti ilẹ̀ bọ̀ ni wọ́n ń sá fún: àgbàrá láti orí Ọ̀nà Ìkòròdú, tó pọ́n díẹ̀, tó ń rùn bí epo mọ́tò, tó ń ti ike omi àti ewé gbígbẹ síwájú bó ṣe ń bọ̀.

Kò ní pẹ́ lẹ́yìn náà tí gbogbo èèyàn á fi wà lábẹ́ afárá. Òṣìṣẹ́ báńkì tó sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì BRT, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó fi ọ̀rá dé orí, agbèrò, àlùfáà tó ká agbádá lé èjìká, obìnrin tó ń gbé adìyẹ lọ sí Bàrígà. Òjò ti pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Wọ́n ń kí ara wọn, "Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o," wọ́n ń bú ìjọba, wọ́n ń wo omi. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ló dára láti wo etí ọ̀nà.

Ohun tó wà létí ọ̀nà ni ọgbà òdòdó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí tó kún Èkó láti ìgbà tí Babátúndé Fáṣọlá ti di gómìnà ní 2007, tí wọ́n sọ abẹ́ afárá àti etí títì tí àwọn mẹkáníìkì àti ọmọ ìta ti gbà tẹ́lẹ̀ di ibi koríko. Iṣẹ́ ńlá ni lóòótọ́. Ẹni tó bá mọ Òṣòdì láyé ìgbà tí mọ́tò kò lè kọjá níbẹ̀ kò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ọgbà náà dáadáa. Wọ́n fi kọnkéré yí i ká, wọ́n kun kọnkéré náà ní dúdú àti funfun, ó sì fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju ọ̀dà lọ. Nínú rẹ̀, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ pupa, wọ́n mọ ọ́n sókè bí ebè, wọ́n wá gbin koríko lé e, pẹ̀lú òdòdó pupa wẹ́wẹ́ àti igi gígùn tín-ín-rín tí àwọn olódòdó ń pè ní másíkírédì. Àgbàrá ń bọ̀ lórí ọ̀dà, ó kan kọnkéré, ó yà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá. Ìwọ̀nba èyí tó rọ̀ sórí ebè gan-an tún ń ṣàn sọ̀kalẹ̀, ó ń gbé yẹ̀pẹ̀ pupa wá sójú títì. Bó bá wá di oṣù kejìlá, tí ọyẹ́ dé, tí koríko bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tánkà omi á wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà lọ́sàn-án gangan, ọmọkùnrin kan á fa họ́ọ̀sì, á máa bomi rin ín, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ á sì tò sẹ́yìn tánkà. Omi ọ̀fẹ́ ti gba ibẹ̀ kọjá fún oṣù mẹ́jọ, kọnkéré ni kò jẹ́ kó wọlé. Owó la wá fi ń ra tánkà.

Bí wọ́n bá gé kọnkéré yẹn lálàfo-lálàfo, kí wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ inú ọgbà náà kó rẹlẹ̀ ju ọ̀dà lọ, àgbàrá á wọlé, á dúró díẹ̀, ilẹ̀ á mu ún. Oríṣiríṣi orúkọ ni àwọn tó ń ṣètò ìlú lágbàáyé ń pe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀nà ewéko ni èmi ń pè é, ṣùgbọ́n kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ilẹ̀ tó rẹlẹ̀, ewéko tí gbòǹgbò rẹ̀ dì mọ́ ilẹ̀, ojú ọ̀nà tí èèyàn lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì gùn láìjá láti òkè títí dé ibi tí omi ń lọ. Láìjá yẹn ló ṣòro. Ọgbà kéékèèké ti pọ̀ ní Èkó, kò sí èyí tó mọ èkejì.

Láti Ọ̀nà Ìkòròdú, ilẹ̀ ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìlà oòrùn, ó gba Pedro àti Ṣómólú, ó gba Bàrígà, ó parí sí Ìlàjẹ létí ọ̀sà. Kò hàn sí ẹni tó wà nínú mọ́tò. Ẹni tó ń ti bàrò ló mọ̀ ọ́n. Nínú ìkànìyàn 2006, èèyàn 402,673 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, Bàrígà wà nínú rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ẹlẹ́sẹ̀ lè rìn já láàárọ̀ kan. Ilé fara ti ilé. Ibi tí àlàfo bá wà láàárín ilé méjì, jẹnẹrétọ̀ ló wà níbẹ̀, tàbí táńkì omi, tàbí àtẹ̀gùn irin tí wọ́n fi gun ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn.

Ẹ wo ilé kan ṣoṣo. Púlọ́ọ̀tì tó pé ní Èkó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 níbùú, 120 lóòró. Bí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ sórí rẹ̀, tí kì í ṣe òjò àrà ní oṣù kẹfà, omi tó bọ́ sórí púlọ́ọ̀tì yẹn nìkan lé ní lítà 33,000. Ẹni tó bá fẹ́ fi kéègì oní-lítà-25 bù ú, kéègì 1,300 kò ní tó o. Láyé ìgbà tí iwájú ilé jẹ́ yanrìn tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá láràárọ̀, tí igi gúáfà àti ìbẹ́pẹ wà lẹ́yìnkùlé, ilẹ̀ ló ń gba púpọ̀ nínú omi yìí, kànga á rí tirẹ̀ gbà níbẹ̀. Ní báyìí, páànù gba apá kan, kọnkéré àti íńtálọ́ọ̀kì gba ìyókù, gbogbo kéègì náà á sì já sójú títì lẹ́ẹ̀kan náà, ní wákàtí tí ti aládùúgbò ń já, àti ti ilé ìjọsìn, àti ti ilé epo tí kò ní ewé kan ṣoṣo.

Mi ò bá onílé wí o. Ẹni tó ti fi ogún ọdún rìn nínú ẹrẹ̀ wọlé ara rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ti ṣubú sínú ẹrẹ̀ náà pẹ̀lú aṣọ ilé ẹ̀kọ́, tó wá rówó ra símẹ́ǹtì, ta ni yóò dúró níwájú rẹ̀ pé kó má dà á? Ìwà ọ̀làjú ni wọ́n kọ́ wa pé ó jẹ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé ó lè fi àyè igi méjì sílẹ̀ láàárín kọnkéré náà kí ẹrẹ̀ má sì dọ́tì bàtà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí àwòrán ilé, ibi tí mọ́tò máa dúró sí ni wọ́n máa ń bi í. Wọn kì í bi í léèrè ibi tí omi máa dúró sí.

Gọ́tà Ṣómólú ní àmì tirẹ̀. Ìlú àwọn atẹ̀wé ni ibẹ̀. Láti inú ṣọ́ọ̀bù tóóró-tóóró ni kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, pósítà olóṣèlú àti ìwé ẹ̀kọ́ ti ń jáde lọ sí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá àti ré kọjá rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà máa ń gé etí rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, tí àpótí àwọ̀ kéékèèké mẹ́rin tò sí orí rẹ̀: búlúù, àlùkò, yẹ́lò, dúdú. Àwọn àpò ńlá wà tí wọ́n ń kó èyí tó pọ̀ sí, àwọn kan ń rà á lọ tún ṣe. Èyí tí atẹ́gùn bá gbé ló ń wọ gọ́tà. Lọ́jọ́ òjò, irin tó dábùú ẹnu gọ́tà á gba gbogbo rẹ̀ dúró: ọ̀já àwọ̀ mẹ́rin tó lọ́ mọ́ra wọn, ìdajì ojú ìyàwó kan tó ń rẹ́rìn-ín, orí olóṣèlú tí kò wọlé, "Ó dàárọ̀ o, Màmá rere". Lẹ́yìn wọn ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, tí kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Bébà á rọ̀, á kọjá ní tirẹ̀. Ọ̀rá ni yóò dúró, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ lójú irin náà, omi á sì gba orí gọ́tà kọjá bí ẹni tí kò rí i rárá.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, Tókunbọ̀ Wahab, kọmíṣọ́nà fún àyíká ní Èkó, kéde pé ìjọba ti fòfin de àwo sítáírófóòmù funfun tí àwọn olóúnjẹ fi ń di ìrẹsì. Ó dín kù lójú gọ́tà lóòótọ́, ẹni tó ń fi ọwọ́ kó o ló lè jẹ́rìí. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn náà ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó mú ṣọ́bìrì á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á kó ẹrẹ̀ dúdú jáde, wọ́n á kó o jọ síbi kan ní bèbè gọ́tà kó lè gbẹ kí ọkọ̀ tó wá kó o. Ọkọ̀ ń pẹ́, òjò kì í pẹ́. Ẹrẹ̀ kan náà ni wọ́n ń kó lẹ́ẹ̀mẹta, owó iṣẹ́ mẹ́ta ni.

Àwọn àgbà àdúgbò á sọ pé ayé Sánítéṣọ̀n ló dára jù. Láti ìgbà ìjọba ológun Bùhárí àti Ìdíàgbọn, láàárín 1984 sí 1985, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró ní Èkó fún ọgbọ̀n ọdún: Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jáde, kí oníkálùkù kó gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2016 ni ìjọba Akínwùmí Ambode fòpin sí i, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti sọ pé kò bófin mu láti há èèyàn mọ́lé. Mo gbà pẹ̀lú ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n mo tún rántí pé lọ́jọ́ Sátidé yẹn nìkan ni ẹni tó wà ní yàrá iwájú àti ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Kò tíì sí ohun tó rọ́pò ìyẹn.

Gbogbo gọ́tà wọ̀nyí ń wá ẹnu kánáàlì tó ń gbé omi wọn lọ sí ọ̀sà kiri. Lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀, ẹni tó dúró lórí afárá kékeré tó dábùú rẹ̀ á rí omi dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín ilẹ̀ kọnkéré fífẹ̀, pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ lórí rẹ̀, nítorí omi ìfọṣọ àti omi balùwẹ̀ ibẹ̀ ló ń lọ, sọkàwé àwọn kan sì ń jò sí i. Lékeléke méjì mẹ́ta ń ṣa nǹkan jẹ. Kókò ti hù láàárín ibi tí kọnkéré ti sán, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ń dán, kò sí ẹni tó gbìn ín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lókè bèbè. Ìyẹn, ẹnì kan ló gbìn ín, ó sì fi ọ̀pá àti wáyà sọgbà yí i ká kí aráyé lè mọ̀ pé ẹnì kan ló ni ín.

Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé tó kọjú sí kánáàlì. Ìlà ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Onílé kan ti jẹ́ kó sú òun: láti ìlà tó ga jù sókè ló ń kùn lọ́dà funfun ní gbogbo ọdún Kérésì, ó fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bí símẹ́ǹtì ṣe rí. Ìlà tó ga jù yẹn, wọ́n ní ti ọjọ́ 10 oṣù keje 2011 ni, ọjọ́ Àìkú tí òjò da gbogbo Èkó rú, tó sì gba ẹ̀mí. Ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan ní odi símẹ́ǹtì kékeré tó ń kan èèyàn lójúgun. Àlejò ló ń kọsẹ̀ níbẹ̀; ọmọ ilé ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀, ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn pàápàá ń jókòó sórí rẹ̀, á sì yí ẹsẹ̀ sí òdì kejì. Bẹ́ẹ̀dì wà lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta-mẹ́ta. Fíríìjì wà lórí tábìlì. Ìwé ẹ̀rí ọmọ àti ìwé ilẹ̀ wà nínú ọ̀rá, wọ́n so ó kọ́ sára àjà.

Ní bèbè yìí kan náà ni igi fúrúùtù kan dúró sí, níbi tí kọnkéré kò dé. Ilẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kò ju yàrá méjì lọ ní fífẹ̀. Bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀, tí wọ́n fi pákó àlòkù kàn. Àwọn bàbá ń ta dráfù lórí rẹ̀ láti aago mẹ́ta ọ̀sán, ìdérí ìgò bíà fún apá kan, ìdérí ìgò mínírà fún apá kejì. Fọganáísà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí apá òsì. Màmá aláàkàrà wà lápá ọ̀tún láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ààrò rẹ̀ fara ti gbòǹgbò tó yọ sókè. Bó bá di aago mẹ́rin kọjá, wọ́n á tẹ́ ẹní, àwọn kan á kírun ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ń ṣa èso tó jábọ́, wọ́n ń fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀ jẹ. Kò sí ìjọba tó pe ibẹ̀ ní ọgbà ìgbafẹ́, kò sí pátákó tó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ koríko.

Ohun tó wá jọ mí lójú ni ti òjò. Àgbàrá láti òpópónà mẹ́ta ló ń rọ́ gba ibẹ̀, apá kan rẹ̀ á yà sídìí igi náà, á pòyì, á kó ewé jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ilẹ̀ á sì máa fà á mu. Kí àwọn tó ń ta dráfù tó nu bẹ́ǹṣì tán, ilẹ̀ ti gbà wọ́n láti jókòó. Ẹ rìn bí ìṣísẹ̀ ogún lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti da kọnkéré sí: adágún kan wà níbẹ̀ tí yóò pé ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, tanwíji á ti máa yí nínú rẹ̀ kó tó gbẹ. Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ewéko ló ń kó ẹ̀fọn wá bá ìlú. Ẹ̀fọn nílò omi tó dúró bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó lè di abìyẹ́. Ilẹ̀ tó bá lè mu omi rẹ̀ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta kò ní ẹ̀fọn kankan láti tọ́.

Àgbàrá òjò kò ní òun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé bèbè kánáàlì ti fi àpò yanrìn, ògiri àti àdúrà kọ̀ fún un. Ìjọba náà wá pẹ̀lú tirẹ̀: wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ àmì X sára ògiri, wọ́n á fún èèyàn ní ọjọ́ díẹ̀, katapílà á dé. Òfin wà pé ilé gbọ́dọ̀ jìnnà sí bèbè kánáàlì, òfin tó bọ́gbọ́n mu ni, mo sì mọ àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ rú u. Owó náà ti wọlé rí: ní 2006, Báńkì Àgbáyé yá Èkó ní 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ tó kan àdúgbò mẹ̀kúnnù mẹ́sàn-án, Bàrígà àti Ìlàjẹ wà lára wọn, gọ́tà àti títì sì wà lára ohun tí wọ́n ṣe. Ìbéèrè mi ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ bèbè lẹ́yìn tí katapílà bá ti lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ á máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹnì kan á da yẹ̀pẹ̀ sí i lóru. Ìdọ̀tí á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹténà kan á dé, wọ́n á ní kò ní pẹ́ kúrò. Tapólì ilé ìjọsìn á tẹ̀ lé kọ̀ǹténà. Kí òjò ọdún kejì tó parí, búlọ́ọ̀kù ti ń ga. Wọ́n wó ilé fún omi, ṣùgbọ́n wọn kò fún ilẹ̀ náà ní iṣẹ́ tí yóò máa ṣe lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀. Ilẹ̀ tí igi fúrúùtù wà ńkọ́? Kò sí ẹni tó kọ́ nǹkan síbẹ̀ rí. Àwọn oní-dráfù kò ní gbà.

Ìbàdàn ti san owó ẹ̀kọ́ yìí, pé omi á gba ilẹ̀ rẹ̀ padà, lẹ́ẹ̀mejì. Odò Ògùnpa ya ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, ó pa èèyàn tó lé ní 200. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, àwọn odò mìíràn ní ìlú kan náà tún ya, èèyàn tó lé ní 100 ló bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbèsè Báńkì Àgbáyé míì wọlé, 200 mílíọ̀nù dọ́là náà ni, ní 2014, fún ọ̀rọ̀ àgbàrá Ìbàdàn nìkan.

Àwọn kan ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní Singapore, odò Kallang ń gba ẹ̀gbẹ́ páàkì kan kọjá ní Bishan tẹ́lẹ̀ nínú kánáàlì kọnkéré tó gùn ní kìlómítà 2.7. Wọ́n hú kọnkéré náà kúrò, wọ́n jẹ́ kí odò tún máa ya síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí koríko, ó wá gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ṣí i ní 2012. Lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀, àwọn èèyàn ń jókòó sí bèbè, àwọn ọmọ ń ṣeré nínú omi. Bí òjò ńlá bá ń bọ̀, fèrè á fọn, iná á máa tàn, gbogbo èèyàn á kúrò, omi á sì gba gbogbo pápá náà títí yóò fi kọjá. Nígbà tí mo bá sọ èyí fún àwọn ará Ṣómólú, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, ẹ̀rín náà sì tọ́. Singapore ní páàkì ńlá tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi fún odò. Ibo la ti fẹ́ rí pápá ní Ṣómólú? Omi balùwẹ̀ àti sọkàwé kò sì gba inú Kallang. Tiwa, ẹni tó bá jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ nínú rẹ̀ kò fẹ́ràn ọmọ náà.

Nítorí náà, ohun tó bá Ọbaníkòró mu kò lè jẹ́ odò tí ọmọdé ń ṣeré nínú rẹ̀. Kánáàlì náà á ṣì wà, á ṣì jinlẹ̀, á ṣì ní kọnkéré. Bèbè rẹ̀ la ń sọ: ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí bàrò àti kẹ̀kẹ́ lè gbà, kòtò koríko pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àgbàrá òpópónà á kọ́kọ́ wọ̀ kó tó dé kánáàlì, tí ọ̀rá á ti há sínú rẹ̀ níbi tí gbálẹ̀-gbálẹ̀ lè fọwọ́ kó o láìsọ̀ sínú omi. Igi tó ní òjìji. Ọparun níbi tí bèbè ti ń ya. Ẹ̀fọ́ jíjẹ kọ́ ni kí wọ́n gbìn síbẹ̀ o, nítorí ohun tó ń jáde láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò àti ibi ìtẹ̀wé kì í ṣe ohun tó yẹ kó wọ inú gbúre. Mo ti rí gbúre tó tutù yọ̀yọ̀ lẹ́bàá kánáàlì, tó sì ń lọ sọ́jà. Mi ò bi ẹni tó gbìn ín léèrè ohun tí ó fi bomi rin ín, mo ti rí kèrègbè rẹ̀.

Ẹ̀rù kan tún wà tí àwọn tó ń yàwòrán kì í fẹ́ gbọ́. Bí ibẹ̀ bá dára tán, owó ilé á gbéra. Ayálégbé tó ti fara da ìlà ẹrẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá lè má rí owó san nígbà tí òjìji bá dé. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìdáhùn tó rọrùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣètò ọ̀nà ewéko láìdárúkọ ayálégbé, onílé nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Òpin gbogbo rẹ̀ ni Ìlàjẹ. Níbẹ̀ ni ilẹ̀ ti tán, tí ilé ń dúró lórí òpó, tí àwọn obìnrin ń yan ẹja, tí ọkọ̀ ojú omi tó ń wa yanrìn ń gúnlẹ̀. Afárá Third Mainland, tí wọ́n parí ní 1990, dábùú lọ́ọ̀ọ́kán, mọ́tò ń sáré lórí rẹ̀. Gbogbo ohun tó wọ gọ́tà láti òkè ló ń gúnlẹ̀ síbí. Wọ́n ń kó apá kan rẹ̀, wọ́n ń fi dí omi, wọ́n ń da yanrìn lé e, wọ́n ń kọ́ ilé sí i. Ọ̀rá tó jábọ́ lọ́wọ́ oníBRT ní òwúrọ̀ lè di ìpìlẹ̀ ilé ẹlòmíràn. Bí ọ̀sà bá sì kún ní àkókò tí òjò ń rọ̀, kánáàlì kò ní ríbi tú omi rẹ̀ sí. Omi á dúró, á wá padà sẹ́yìn sí Bàrígà, láti ibẹ̀ sí Ṣómólú. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ kò lè ṣe ohunkóhun sí i. Àwọn tó wà lókè nìkan ló lè dá omi dúró díẹ̀, púlọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn òmíràn, títí ọ̀sà á fi fà sẹ́yìn. Ará Ìlàjẹ mọ èyí dáadáa. Wọn kì í pè wọ́n sípàdé ní òkè.

Ọ̀rọ̀ lásán ni ọ̀nà ewéko ṣì jẹ́ nídìí igi fúrúùtù. Alága CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, máa ń yà síbẹ̀ bó bá ti ìpàdé bọ̀, ó sì sọ fún wọn pé òun fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n wá wo bèbè náà kí àwọn oníkọ̀ǹténà tó dé. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ní kí wọ́n má wá gé igi. Fọganáísà ní kí wọ́n má wá ta á fún kọngílá. Màmá aláàkàrà kò tíì sọ nǹkan kan, ó ń yí àkàrà lójú epo.

"Alága, tí wọ́n bá wá, ibo ni ààrò mi á wà?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yàwòrán ná, màmá."

"Tí wọ́n bá ti yà á tán, kí ni wọ́n tún fẹ́ wá bi mí? Kí wọ́n wá ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí wọ́n rí iye èèyàn tó ń dúró síbí. Kí wọ́n tún wá lọ́jọ́ òjò. Kí wọ́n má wọ mọ́tò o, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn ín."

"Màá sọ fún wọn."

"Ẹ má sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yẹn."